Ogun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ọlọ́pàá: kí ló fà á tó fi gba oṣù ọgbọ̀n?

Ibi tí àgbàlagbà mẹ́ta bá ti ń sọ̀rọ̀ ogun Biafra, ogun abẹ́lé tí Nàìjíríà jà nígbà tí Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ní òun fẹ́ yapa, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ àlàyé mẹ́ta. Ọ̀kan á ní epo rọ̀bì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì á ní Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, àti Ojukwu, olórí Biafra, ló ń bá ara wọn ṣorogún. Ẹ̀kẹta á lu tábìlì pé Awólọ́wọ̀ ló ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n á ti dárúkọ Aburi, Orẹ̀, Asaba àti ogún pọ́n-ùn, bíi pé ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ wọn látẹ̀yìn, orí fífọ́ ló máa mú lọ sílé.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi ni pé mi ò ka ìlú tó bọ́ sọ́wọ́ ológun mọ́ láìkọ́kọ́ wo ìwé tí ẹnì kan ti buwọ́ lù kí ìlú náà tó bọ́. Púpọ̀ nínú ogun yẹn, orí tábìlì ni wọ́n ti jà á kí ìbọn tó dún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Ẹkùn Ìlà-Oòrùn láti ìhà Nsukka àti Ogoja, Èkó, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ò pè é ní ogun. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n pè é. Bí Gowon bá pè é ní ogun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé orílẹ̀-èdè méjì ló wà níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá, a jẹ́ pé ọ̀tẹ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé, baálé ilé sì ń lọ mú ọlọ̀tẹ̀. Èrò wọn ni pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Nígbà náà, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà. Nígbà tí ogun fi máa parí, wọ́n ti tó bí 250,000.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ìfipágbàjọba méjì ló wáyé lọ́dún 1966, àwọn ènìyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Àkọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun, tí Nzeogwu àti Ifeajuna wà lára wọn, pa olórí ìjọba Tafawa Balewa, Ahmadu Bello tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, Akíntọ́lá tiwa níhìn-ín, àti àwọn àgbà ológun. Ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Ironsi, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn tí kò sí nínú ète náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó pànìyàn jẹ́ Ígbò, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pa kì í ṣe Ígbò, ojú tí Àríwá sì fi wò ó nìyẹn. Lóṣù Karùn-ún, Ironsi ṣe òfin kan, Dìkírì 34, tó pa àwọn ẹkùn rẹ́ tó sì sọ gbogbo Nàìjíríà di ìjọba kan ṣoṣo. Òfin yìí ló da epo sí iná.

Èkejì wáyé lọ́jọ́ 29 oṣù Keje. Ìbàdàn ni Ironsi wà, lálejò Adékúnlé Fájuyì tó jẹ́ gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú olóore, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ẹni tí oyè kàn lẹ́yìn Ironsi nínú ogun ni Bábáfẹ́mi Ògúndípẹ̀. Ó pàṣẹ fún ọmọ ogun, ọmọ ogun ò dá a lóhùn. Ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ibẹ̀ ló sì ti di aṣojú Nàìjíríà. Gowon tó jẹ́ ọ̀gágun ipò kékeré sí i ni wọ́n gbé dépò, òun ló sì fagi lé Dìkírì 34, tó dá àwọn ẹkùn padà. Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn, kọ̀ ọ́: kí ló dé tí a ó fi fo àgbà, ká gbé àbúrò sórí oyè? Ìgbàkigbà tí ẹ bá ka pé Ojukwu ò gba Gowon lólórí, ibí yìí ni ó ti ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìpakúpa dé. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ígbò àti àwọn ará Ìlà-Oòrùn mìíràn nílùú káàkiri Àríwá. Ogunléndé tó lé ní mílíọ̀nù kan sá padà sílé, pẹ̀lú ìtàn àti ojú ọgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn fi tẹ̀ lé Ojukwu, kó wo ojú ibùdókọ̀ rélùwéè lọ́dún yẹn kó tó wo kànga epo.

Aburi wáyé lọ́jọ́ 4 àti 5 oṣù Kìíní ọdún 1967, ní Gánà, nítorí kò sí ibì kankan ní Nàìjíríà tí Ojukwu gbà pé òun lè sùn tí òun á jí. Ọ̀gágun Ankrah ló gbà wọ́n lálejò. Gowon lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ parí ìjà láàárín ọ̀rẹ́. Ojukwu gbé ìwé dání, ó ti kọ ohun tó fẹ́ gbà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà pé kí agbára àárín dínkù kí tàwọn ẹkùn pọ̀, wọ́n tú ká. Bí Gowon ṣe délé, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ka ìwé náà, wọ́n ní ohun tó buwọ́ lù yìí ti tú Nàìjíríà ká. Òfin tí wọ́n ṣe lóṣù Kẹta, Dìkírì 8, gbé púpọ̀ nínú àdéhùn náà wọlé, ṣùgbọ́n ó fi ihò kan sílẹ̀ tí àárín lè gbà dá sí ọ̀rọ̀ ẹkùn. Ihò yẹn ni Ojukwu rí. Ó ní Aburi ni òun dúró lé, òun ò sún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀. Lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ó sọ fún àwọn aṣáájú Yorùbá n'Ìbàdàn pé bí wọ́n bá fàyè gba Ìlà-Oòrùn láti lọ, yálà nípa ìwà tàbí nípa àìṣe ohun tó yẹ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà ò ní dúró. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹni tó ń gbọ́ ọ l'Énúgu gbọ́ pé “ẹ lọ, a ń bọ̀ lẹ́yìn yín.” Ẹni tó ń gbọ́ ọ l'Ékòó gbọ́ ìkìlọ̀: ẹ má ṣe lé wọn dànù. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá Ojukwu l'Énúgu láti bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti wọ ìgbìmọ̀ ìjọba Gowon, ó jẹ́ igbákejì alága àti kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó. Ká má gbàgbé pé ọmọ ogun tó wà ní bárékè Ìbàdàn, Ìkẹjà àti Abẹ́òkúta nígbà náà, àwọn ará Àríwá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìwọ̀-Oòrùn ò ní ìbọn tirẹ̀. Ní tèmi, ìlérí kọ́ ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀, gbólóhùn olóṣèlú tó mọ̀ọ́mọ̀ ní ilẹ̀kùn méjì ni. Ẹlòmíì lè kà á bó ṣe fẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta kan wà nínú oṣù Karùn-ún náà tí mo rò pé ó ṣe ju ìjà ọdún kan lọ. Lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Gowon pa ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, ó pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ẹ wo ohun tó ṣe sí Ìlà-Oòrùn. Ó gé e sí mẹ́ta: East-Central ti àwọn Ígbò, Rivers, àti South-Eastern. Ọ̀pọ̀ kànga epo, Port Harcourt, Calabar àti ẹnu òkun, gbogbo wọn bọ́ sínú ìpínlẹ̀ méjì tí kì í ṣe ti Ígbò. Ìjọ́, Ìbíbíò, Ẹ́fíìkì, Ògóní, àwọn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tiwọn láti ayé òyìnbó, gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ 30, Ojukwu kéde Biafra. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó kéde lé lórí ti sán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ ogun Nàìjíríà máa ti ojú òkun wọlé, ọ̀pọ̀ ará etíkun ni kò ní rí i bí ọ̀tá.

Bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ìparí oṣù Keje, ọkọ̀ ojú omi Nàìjíríà gbé ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé lọ sí Bonny, ibi tí wọ́n ti ń kó epo sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbà á. Ọ̀rọ̀ epo ti kọ́kọ́ jà lórí ìwé níbẹ̀ náà. Biafra ní kí Shell-BP máa san owó orí epo fún òun. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti fi 250,000 pọ́n-ùn tù wọ́n nínú. Èkó gbọ́, ó dí ojú omi pa mọ́ ọkọ̀ epo pátápátá.

Títí di ìgbà yìí, Ìwọ̀-Oòrùn ń wòran. Agbedeméjì Ìwọ̀-Oòrùn, tí Benin jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ òun ṣe pápá ìjà. Òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Lóòórọ̀ kùtùkùtù, ọkọ̀ tó kún fún ọmọ ogun Biafra gba afárá Odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wà ní Benin. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lọ́nà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ológun tó wà níbẹ̀ jẹ́ Ígbò Agbedeméjì. Gómìnà David Ejoor sá àsálà. Ta ló ṣáájú ọmọ ogun Biafra náà? Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá. Ironsi ló ti jù ú sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa òun, ẹ̀wọ̀n Ìlà-Oòrùn ló wà tí Ojukwu fi tú u sílẹ̀. Bánjọ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kí Nàìjíríà fọ́. Ó fẹ́ lé ìjọba Gowon lọ ni. Lórí rédíò Benin lọ́jọ́ 14, ó ní ìdáǹdè ni òun bá wá, òun ò wá gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ojukwu l'Énúgu ò gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá méjì, ogun kan, ète méjì.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á nìyẹn tí ọjọ́ fi ń lọ. Bánjọ dúró ní Benin, ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó ṣí sílẹ̀, kò sí ikọ̀ ńlá kan tó dí i. Nígbà tí wọ́n fi dé Orẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti kó ènìyàn jọ, wọ́n ti dá ikọ̀ ńlá kejì sílẹ̀ lábẹ́ Murtala Mohammed. Orẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ bá le koko, àwọn àgbà wa ṣì ń fi ìjà Orẹ̀ wé e. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tì wọ́n padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, Murtala wọ Benin. Ní ẹ̀bá ọjọ́ náà, alákòóso tí Ojukwu fi síbẹ̀, Albert Okonkwo, ti kéde pé ibẹ̀ ti di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Orílẹ̀-èdè náà kò lò ju ọjọ́ kan lọ.

Lọ́jọ́ 22, Ojukwu mú Bánjọ, Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam, wọ́n yìnbọn pa wọ́n l'Énúgu lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn ìyẹn, Enugu fúnra rẹ̀ bọ́.

Nǹkan tó bá Orẹ̀ lọ ju ìlú lọ. Kí Biafra tó sọdá odò, àwọn Yorùbá tó ń sọ pé kí wọ́n má bá Ígbò jà pọ̀, Wọlé Ṣóyínká tó lọ bá Ojukwu wà lára àwọn tó ń wá ọ̀nà mìíràn, àtìmọ́lé sì ni ìyẹn bá dé. Nígbà tí ìbọn dún ní Orẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni ìbọn ti dún. Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá dà lọ sínú ogun. Gowon náà dẹ́kun àti máa sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá: lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí Benin bọ́, ó ti kéde ogun gidi.

Àwọn tó sanwó ìjà náà jù ni àwọn tí kò pe ẹnikẹ́ni níjà. Nígbà tí ọmọ ogun Murtala dé Asaba níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, wọ́n ń pa àwọn ọkùnrin tí wọ́n fura sí. Àwọn àgbà ìlú ní kí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n jó jáde, kí wọ́n fi hàn pé Nàìjíríà ọ̀kan ni àwọn wà fún. Lọ́jọ́ 7, wọ́n jó jáde. Wọ́n ya ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀ ní Ogbe-Osowa, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà nílé ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ Asaba.

Biafra ti fọ́ afárá, Murtala sì ní dandan ni kí òun gba orí omi lọ gba Onitsha. Ó gbìyànjú léraléra, odò gbé ọmọ ogun rẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn, ó yí gba Idah, ó gba orí ilẹ̀ wọlé, Onitsha bọ́ lóṣù Kẹta ọdún 1968. Nígbà tí oṣù náà ń parí, àwọn ọmọ Biafra ba dè wọ́n ní Abagana, wọ́n sun bí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ nínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní ọ̀gágun tí kì í gbọ́ràn.

Ọdún 1968 ni ìyókù ogun náà ti di ọ̀rọ̀ owó àti oúnjẹ. Ní oṣù Kìíní, Nàìjíríà yí owó rẹ̀ padà. Owó tí Biafra kó jọ láti fi ra ìbọn lókè òkun di bébà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní láti tẹ owó tiwọn. Lóṣù Karùn-ún, Adékúnlé gba Port Harcourt. Calabar ti bọ́ lọ́dún tó ṣáájú. Biafra ò ní ẹnu òkun kankan mọ́: àwọn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn há sórí ilẹ̀ tó ń kéré sí i, láìsí ẹja, láìsí iyọ̀. Ìgbà yẹn ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwòrán àwọn ọmọ oníkùn ńlá, onírun pupa.

Kí ló dé tí wọn ò gbé oúnjẹ wọlé? Ìbéèrè yìí ló ń dà mí láàmú jù. Ọ̀nà wà tí wọ́n bá fẹ́. Èkó ní kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀, kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojukwu ní májèlé ni wọ́n máa fi sí i, àti pé ọ̀nà tí oúnjẹ bá gbà ni tánkì náà máa gbà. Ó fẹ́ kí ó gba òfurufú, lóru. Pápákọ̀ òfurufú Biafra ni Uli, títì ọkọ̀ kan tí wọ́n fẹ̀ lójú: bàálù á bà síbẹ̀ nínú òkùnkùn, iná á tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú. Nínú òkùnkùn kan náà ni bàálù tó gbé ìbọn máa ń bà. Èkó sì mọ̀, ó ní òun ò mọ èyí tó gbé wàrà. Lóṣù Kẹfà ọdún 1969, wọ́n já bàálù ẹgbẹ́ Red Cross kan lulẹ̀. Èkó gbà pé ebi yóò tètè parí ogun, Ojukwu rí i pé àwòrán ebi ń bá òun wá ọ̀rẹ́. Àwọn tó wà láàárín jẹ́ ọmọdé. Iye àwọn tó kú nínú ogun náà, láti ìdajì mílíọ̀nù dé mílíọ̀nù mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń kà.

Ọ̀rẹ́ tí Biafra rí kò pọ̀. Tanzania, Gabon, Ivory Coast àti Zambia gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Haiti sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún kejì. Márùn-ún péré. Ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà ń wo ilé tiwọn: bí a bá jẹ́ kí Biafra lọ, ta ló kàn? Faransé ń ràn Biafra lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Ìlú Ọba àti Rọ́ṣíà, tí wọn kì í rójú ara wọn níbòmíràn, ń ta ìbọn àti bàálù fún ẹni kan náà l'Ékòó.

Ilé àwa náà kò tòrò. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dìde lórí owó orí tó ń gun òkè nígbà ogun, a sì mọ̀ wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà. Òkẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn máa san, ìyẹn 30 ṣílè, kò gbọdọ̀ lé. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn. Gowon ń jagun ní Umuahia, kànnàkànnà sì ń dún ní Akanran lẹ́bàá Ìbàdàn.

Láàárín ìgbà yẹn ni ìlà ogun ń lọ tó ń bọ̀. Umuahia, olú ìlú Biafra lẹ́yìn Enugu, bọ́ lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Biafra gba Owerri padà lọ́wọ́ ọmọ ogun Adékúnlé. Èkó yọ Adékúnlé, ó fi Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ síbẹ̀. Azikiwe, tó ti ń bá Biafra bẹ àwọn olórí Áfíríkà, yí padà lóṣù Kẹjọ, ó ní kí wọ́n padà sí Nàìjíríà ọ̀kan. Ebi ti gbẹ́ ọmọ ogun Biafra dé egungun.

Ojukwu wọ bàálù ní Uli lóru, níbi ọjọ́ 10 mọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1970, ó gba Ivory Coast lọ. Ẹni tó fi sílẹ̀ ni Philip Effiong. Ọmọ Ìbíbíò ni Effiong, láti ìpínlẹ̀ tí Gowon gé kúrò lára Ìlà-Oòrùn ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún yẹn. Òun ló sọ lórí rédíò lọ́jọ́ 12 pé ogun ti parí, òun ló sì wá sí Dodan Barracks l'Ékòó lọ́jọ́ 15 láti gbé ìwé ìjọ̀wọ́ra-ẹni lé Gowon lọ́wọ́. Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Lẹ́yìn náà, àwọn ará Ìlà-Oòrùn lọ sí báńkì. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn síbẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó fi ọgọ́rùn-ún síbẹ̀, ogún pọ́n-ùn ni wọ́n kà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1972, ìjọba ṣòfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó lówó lọ rà á.